Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Onígbàgbọ́ Dárò Ilé Sinimá?

Ìbéèrè kan wà tí ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láti bèèrè ní gbangba, kí ẹni tí ó gbọ́ má baà rò pé ohun asán ni ó gba ọkàn wọn. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ilé sinimá kan bá kú ní àárín ìlú, tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a kó àwọn àga rẹ̀ dà nù, tí a sì sọ gbọ̀ngàn rẹ̀ di ibi ìkẹ́rùsí tàbí ilé àdúrà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí onígbàgbọ́ dárò rẹ̀?

Àwọn kan yóò dáhùn lójú kan náà pé kò tọ́. Wọn yóò wí pé ibi tí àwọn ọmọ ìgboro ń péjọ sí, tí èéfín sìgá ń rú, tí a ti ń fi owó oúnjẹ ra ìran, kò yẹ fún ẹkún ẹnikẹ́ni, àfi kí a dúpẹ́ pé ó ti kọjá lọ. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí irun orí wọn ti funfun, yóò mí kanlẹ̀, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n ti sùn: Casino ní Yábàá, Rex àti Regal ní Èbúté Mẹ́tta, Roxy ní Àpápá, Ìdẹ̀ra ní Múṣin, Pen àti Danjuma ní Agége. Ìdáhùn àwọn ti ìṣáájú yá jù. Ìdáhùn àwọn ti ẹ̀yìn dùn jù. Àwọn àgbà wa sì wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ ilé sinimá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní Èkó, kí a tó dá a láre tàbí kí a tó dá a lẹ́bi.

Ní ọdún 1903, Èkó kò tí ì di ìlú ńlá tí a mọ̀ lónìí. Nínú ìkànìyàn ọdún 1901, àwọn tí a kà ní erékùṣù Èkó àti ní Èbúté Mẹ́tta lé díẹ̀ ní 40,000. Ìlú kékeré ni, tí ẹni tí ó bá dìde ní òwúrọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Marínà kí oòrùn tó mú. Ní agbègbè Marínà yìí ni Glover Memorial Hall wà, gbọ̀ngàn tí a fi ń ṣe ìrántí John Hawley Glover, ẹni tí ó ṣe àkóso Èkó láàárín ọdún 1863 àti 1872. Nínú gbọ̀ngàn yìí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, ni a ti kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ Balboa, tí ó ti ìlú Barcelona ní ilẹ̀ Spéìn wá, ni ó gbé ẹ̀rọ náà dé. Herbert Macaulay ni ó sì bá wọn ṣe ètò rẹ̀.

Kí ẹ̀yin olùkọ́ má ṣe yára kọjá lórí orúkọ yìí. Ta ni Herbert Macaulay í ṣe? Ọmọ Thomas Babington Macaulay ni, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ìyá tí ó bí i lọ́mọ sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Kì í ṣe aláìmọ̀wé tí kò gbúròó ìwé àdúrà rí ni ó la ọ̀nà fún sinimá ní ilẹ̀ yìí. Ọmọ inú ilé míṣọ́n gan-an ni. Bí a bá sì rántí pé àwọn míṣọ́nnárì fúnra wọn a máa gbé àtùpà àwòrán kiri, tí wọn a máa ta iná rẹ̀ sí ara aṣọ funfun ní òru kí àwọn ènìyàn lè rí àwọn ìran inú Bíbélì, a ó mọ̀ pé òkùnkùn, iná àti aṣọ funfun kì í ṣe àjèjì sí Ìjọ.

Ní ọdún 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ti Abẹ́òkúta rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ya àwòrán ìbẹ̀wò náà, a sì fi í hàn ní Glover Hall. Àwọn ènìyàn sì rọ́ lọ wò ó. Ẹ ro èyí wò dáradára. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ohun àjèjì ni àwọn àjèjì fi hàn wọ́n. Nísinsin yìí, ọba tiwọn ni ó ń rìn lójú wọn, pẹ̀lú adé àti aṣọ rẹ̀, ní ìlú tí òkun jìn sí. Láti ìgbà náà ni sinimá ti ní ọ̀nà méjì sí ọkàn ènìyàn: ó lè fi ohun tí a kò mọ̀ hàn wá, ó sì lè fi àwa fúnra wa han ara wa.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìran wíwò kí sinimá tó dé. Eégún aláré ti ń jó ní ojúde ọba àti ní gbàgede ọlọ́lá láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní ojúde, oòrùn ń ràn, olúkúlùkù sì mọ ẹni tí ó dúró ti òun. Àgbà wà ní ipò àgbà, ọmọdé wà ní ipò ọmọdé, ìyàwó ilé wà láàárín àwọn ìyàwó ilé. Ilé sinimá mú ohun mẹ́ta wọlé tí ojúde kò ní. Ó mú òkùnkùn wá, tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ó mú owó ẹnu-ọ̀nà wá, tí ó fi jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń sọ ibi tí ènìyàn yóò jókòó, kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí ìdílé rẹ̀. Ó sì mú àlejò wá: ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ẹ̀gbá, Ìgbò, Hausa, Tápà, gbogbo wọn ní abẹ́ òrùlé kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi ẹnìkejì léèrè pé ọmọ ta ni ìwọ í ṣe.

Ní àárín ọ̀rúndún ogún àti lẹ́yìn òmìnira tí a gbà ní ọdún 1960, àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyí pọ̀ sí i. Àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ni wọ́n ni púpọ̀ nínú wọn. Ní àwọn abúlé tí kò sí gbọ̀ngàn, ọkọ̀ sinimá ìjọba a máa dé, nítorí pé ní ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún fíìmù ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, láti fi sọ ọ̀rọ̀ ogun, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ìgboro, ẹ̀kọ́ kọ́ ni àwọn ènìyàn ń san owó rẹ̀. Fíìmù Amẹ́ríkà tí àwọn kábọ́ì ti ń gun ẹṣin ni wọ́n ń wò, àti ti Íńdíà tí a ti ń kọrin láàárín ìbànújẹ́, àti ti àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jà. Àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan a jókòó sí iwájú, níbi tí aṣọ funfun ti sún mọ́ ojú tí ọrùn sì ń ro ènìyàn. Àwọn olówó a jókòó sí ẹ̀yìn. Bí ọ̀tá bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn akọni, gbogbo gbọ̀ngàn a kígbe láti kìlọ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó lè gbọ́. Akọni ni wọ́n ń pè ní ákítọ̀, olórí àwọn ẹni ibi sì ni bọ́ọ̀sì. Ọmọdé tí kò gbọ́ èdè Híńdì kan ṣoṣo mọ ẹni tí ó ṣe rere àti ẹni tí ó ṣe ibi. Inú rẹ̀ kì í sì í dùn títí ẹni rere yóò fi ṣẹ́gun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n kórìíra rẹ̀, nítorí pé òtítọ́ wà ní ẹnu wọn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti jí owó ìyá rẹ̀ nítorí tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan kọ́ bí a ti ń fi ìbínú wo ènìyàn àti bí a ti ń gbé àyà síwájú láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n rí lórí aṣọ funfun. Ìjà a máa bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnu-ọ̀nà, àwọn tí ń mu igbó a sì máa fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ògiri. Ẹni tí ó bá dárò ilé sinimá tí kò sì mẹ́nu kan nǹkan wọ̀nyí, irọ́ ni ó fi ń sunkún.

Ẹ̀sùn mìíràn tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ, ẹni ńlá kan nínú Ìjọ ni ó sì mú un wá. Augustine, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, sọ nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ bí òun ti fẹ́ràn ìran orí ìtàgé nígbà tí òun jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní Carthage. Ó yà á lẹ́nu pé ènìyàn ń fẹ́ láti sunkún nítorí ìyà ẹni tí kò sí, nígbà tí ẹni tí ń sunkún náà kò fẹ́ kí irú ìyà bẹ́ẹ̀ bá òun fúnra rẹ̀. Ó bèèrè irú àánú tí èyí í ṣe, nígbà tí a kò pe ẹni tí ó gbọ́ ẹkún náà láti ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bí kò ṣe láti jókòó kí ó sì banújẹ́. Ìbéèrè yìí tọ̀nà. Ẹni tí ó sunkún nítorí opó inú fíìmù Íńdíà, tí ó sì jáde tí ó ti opó tí ń ta ẹ̀pà ní ẹnu-ọ̀nà sí apá kan, kí ni ẹkún rẹ̀ já mọ́?

Síbẹ̀, a rò pé ohun kan wà tí ìbéèrè náà kò kàn. Augustine yẹ ọkàn ẹnìkan wò, ó sì bá àìsàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan kò dá nìkan wà nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọn kò mọ ara wọn bá kígbe papọ̀ pé kí a má ṣe pa aláìṣẹ̀, olúkúlùkù wọn ti gbọ́ láti ẹnu ẹnìkejì pé òun nìkan kọ́ ni ó kórìíra ìwà ìkà. Ọmọ ìgboro tí àwa ń bẹ̀rù ní ọ̀nà, òun náà kígbe. Olówó tí ó jókòó sí ẹ̀yìn, òun náà kígbe. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré ní ìlú tí àwọn àlejò pọ̀ sí. Kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó ṣòro láti gbà pé ẹni tí ó jókòó tì wá kì í ṣe ènìyàn bí àwa. Àwọn àgbà wí pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹkún gbọ̀ngàn kò di ojú àwọn tí ń sun ún. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti rí ara wọn.

Ìjọ pẹ̀lú jẹ nínú èso gbọ̀ngàn. Ní ọdún 1944, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọlọ́pàá, tí ó ti ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rí, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti fi eré ọgbà Édẹ́nì hàn, kí a lè fi owó rẹ̀ ran ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́tta lọ́wọ́. Hubert Ògúńdé, ọmọ Òṣoṣà, ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Inú Glover Hall náà ni a ti ṣe eré yìí, níbi tí àwòrán tí ń rìn ti kọ́kọ́ dé ní ọdún mọ́kànlélógójì ṣáájú. Láti inú ìtàn Ádámù àti Éfà ni ẹgbẹ́ eré Ògúńdé ti jáde. Nígbà tí ó sì di ọdún 1979, ó gbé fíìmù Ayé jáde. Ola Balógun ti ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976, èyí tí Adéyẹmí Afọláyan àti Dúró Ládiípọ̀ kópa nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń wo kábọ́ì láti ọjọ́ pípẹ́ wá gbọ́ èdè ìyá wọn láti ara aṣọ funfun. Ohun tí a rí nínú ìran Aláké ní ọdún 1904 tún padà dé, ní ọ̀nà tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ṣeni ní àánú pé ìgbà tí igi yìí ń so èso tí ó dùn jù ni gbòǹgbò rẹ̀ ń gbẹ. Òfin ọdún 1972 ti fi ilé sinimá sí ara òwò tí ọmọ Nàìjíríà nìkan lè ní, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sì bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Owó epo pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dínkù. Ní ọdún 1986, nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀-ajé padà, iye náírà wálẹ̀ gidigidi, fíìmù tí a ní láti rà ní òkè òkun sì di ohun tí apá ò ká mọ́. Adigunjalè gba òru ìlú. Baba tí ó ní ọgbọ́n kò jẹ́ kí ọmọ òun jáde ní alẹ́ mọ́. Ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ fídíò wọ inú ilé. Ní ọdún 1992, nígbà tí Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì, ọjà ló gbé e lọ, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Àwọn àga ilé sinimá ṣófo, àwọn onílé sì ń wá ẹni tí yóò yá ilé náà.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ọ̀kan wà tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sí ọkàn. Ní ọdún 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Ó ti ná owó púpọ̀ lé e lórí. Àwọn olè jí ẹ̀dà fíìmù náà, wọ́n dà á kọ sí orí fídíò, wọ́n sì ń tà á kiri. Ẹni tí ó mú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá rẹ́rìn-ín sì bọ́ sínú gbèsè. Ta ni ó jà á lólè? A lè dárúkọ àwọn tí wọ́n da fíìmù kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ra kásẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́, tí wọ́n jókòó sí yàrá wọn, tí wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn? Ní ẹnu-ọ̀nà ilé sinimá, owó òṣìṣẹ́ ni ènìyàn kọ́kọ́ ń san kí ó tó rí ojú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá, ènìyàn lè jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn láìmọ̀ pé òun jẹ gbèsè kankan. Kì í ṣe pé àwọn ará yàrá burú ju àwọn ará gbọ̀ngàn lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ rọrùn fún ènìyàn láti dá nígbà tí kò bá rí ojú ẹni tí ó ṣẹ̀. Àwọn àgbà mọ èyí nígbà tí wọ́n wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

A kò sẹ́ pé yàrá ní oore tirẹ̀. Ìyá tí ó ní ọmọ lọ́wọ́, tí kò lè dé gbọ̀ngàn láéláé, rí ìran wò. Arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn rí ìran wò. Àwọn ilé sinimá titun pẹ̀lú ti dé láti ọdún 2004, nígbà tí a ṣí ti Silverbird ní Victoria Island. Ṣùgbọ́n inú ilé ìtajà àwọn ọlọ́lá ni púpọ̀ nínú irú wọn wà, owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn kò sì sí ní ọwọ́ àwọn tí ń jókòó sí iwájú ní ọjọ́sí. Lónìí, olúkúlùkù mú ilé sinimá tirẹ̀ dání nínú fóònù. Nínú ilé kan, a lè rí ènìyàn márùn-ún tí wọ́n ń wo ìran márùn-ún, tí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín tí ẹnìkejì kò sì mọ ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Òkùnkùn gbọ̀ngàn kó àwọn àlejò jọ. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ń sọ àwọn ọmọ ìyá kan di àlejò.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà kan àwa fúnra wa wàyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyí ni ìjọ rà tàbí tí wọ́n yá. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ìṣẹ́gun ni: ibi tí èṣù ti jọba, Olúwa ti gbà á. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń yin Ọlọ́run ní ibikíbi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé: àwọn tí wọ́n ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dà? Ọmọ ìgboro tí ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ní alaalẹ́, ǹjẹ́ ẹnìkan dúró dè é ní ẹnu-ọ̀nà ní ọjọ́ tí ó dé tí ó sì bá àtẹ orúkọ titun? Ilé sinimá kò bèèrè aṣọ tí ó wọ̀. Kò lé e nítorí pé kò mọ orin. Ìwọ̀nba owó kékeré ni ó gbà, ó sì fún un ní àga. Bí ìjọ bá gba ògiri, tí kò sì gba àwọn ènìyàn tí ògiri náà ń dáàbò bò, ilé ni ó rà. Kò ṣẹ́gun ohunkóhun. Olúwa wa ti fi òwe kìlọ̀ fún wa nípa ilé tí a gbá mọ́ tí a sì fi sílẹ̀ ní òfo, ohun tí ó padà wọ inú rẹ̀ sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ọmọ tí kò ní gbọ̀ngàn mọ́ kò dẹ́kun láti péjọ. Abẹ́ afárá ni wọ́n ń péjọ sí báyìí, kò sì sí ẹni rere kankan nínú ìran tí wọ́n ń wò níbẹ̀ tí wọn yóò kígbe kìlọ̀ fún.

A sì mẹ́nu kan afárá kì í ṣe lásán. Ní Agége, níbi tí ilé sinimá Pen ti wà, a kò wo ìran níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò. Àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ké Pen Cinema lójoojúmọ́ láti pe èrò. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣí afárá ńlá tí a kọ́ sí oríta náà ní ọdún 2021, afárá Pen Cinema ni a pè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń sọ orúkọ yìí, tí wọn kò sì bi ara wọn léèrè pé sinimá wo ni. Ilé ti lọ, orúkọ dúró, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí ó ṣì rọ̀ mọ́ èèkàn nígbà tí ẹni tí ó ni ín ti re àjò tí kì í bọ̀. A ń wò ó pé bí orúkọ bá ń wà lẹ́nu tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí lọ́kàn, ìgbàgbé ni a ń há sórí lójoojúmọ́.

Kí ni ìdáhùn wa nígbà náà? A gbà pé ó tọ́ kí onígbàgbọ́ dárò ilé sinimá, bí ó bá pa ìlànà mẹ́ta mọ́. Ìkíní, kí ó dárò àwọn ènìyàn, kì í ṣe ògiri. Síméǹtì àti páànù kò ní ọkàn. Àwọn tí wọ́n jókòó papọ̀ ni wọ́n ní. Ìkejì, kí ó dárò pẹ̀lú òtítọ́, kí ó sọ ti èéfín àti ìjà àti owó ìyá tí a jí, kí ó sì sọ ti igbe tí a jọ ké fún aláìṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì ti sọ ìtàn di ìpolówó. Ìkẹta, kí ọ̀fọ̀ rẹ̀ di iṣẹ́. Nehemáyà gun ẹran rẹ̀ yí odi Jerúsálẹ́mù tí ó ti wó ká ní òru, ó sì wo gbogbo rẹ̀ dáradára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe àwọn ènìyàn láti mọ odi.

Iṣẹ́ náà kò jìnnà sí àwa olùkọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wa wà ní orúkọ kan tàbí méjì tí ó ti ṣófo bí ti Agége. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà kí wọ́n bèèrè ohun tí ó wà níbẹ̀ rí, ẹni tí ó ń wọ ibẹ̀, àti ìdí tí a fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn àgbà wọ̀nyí tó lọ. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Bí aṣọ funfun kan bá wà, tí iná sì wà, ẹ pe àwọn òbí àti àwọn ọmọ ìgboro àdúgbò jọ ní alẹ́ kan, kí wọ́n jókòó wo ìran rere kan papọ̀, tí a ti san owó ẹni tí ó ṣe é fún un. Nígbà tí ìran bá parí, ẹ tan iná kí wọ́n lè rí ojú ara wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pé: ta ni nínú àdúgbò yìí ni ìyà tí a rí yìí ń jẹ, kí sì ni a ó ṣe fún un lọ́la? Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹkún wa yóò ti kọjá èyí tí Augustine bá wí, àwọn tí wọ́n ti ń jókòó sí iwájú, níbi tí ọrùn ti ń ro wọ́n, yóò sì tún ní àga láàárín wa.